Fèrè Àtijọ́ Kan ní Olódì-Àpápá: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Náwó Lé E Lórí?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjà ọkọ àti aya. Ọ̀rọ̀ fèrè ni: fèrè sásófóònù ńlá kan tí ó ti dúdú, tí ìpẹtà ti mú, tí ó sì ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù ní ilé kan ní Olódì-Àpápá láti ọdún gbọọrọ. Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bàbá á kú, á fi ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kò ní lè lò ó, wọn kò sì ní lè sọ ọ́ nù. Nígbà tí ó bá ṣe, owó á wọ́n, ẹnì kan á sì béèrè pé: “Kí ni a ń fi irin yìí ṣe?”

Obìnrin tí ó ni fèrè tí mo ń wí yìí ń ta aṣọ òkìríkà ní ọjà Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Olódì-Àpápá ti fara kanra. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Mo kọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní ilé-ìwé, ìdí nìyí tí ó fi ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá oníkọ́ńdẹ̀mù kan níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ó ti gbé fèrè náà kọ́ orí ìwọ̀n bí ẹni ń wọn ẹran, ó ń wo iye kílò tí ó jẹ́.

“Tíṣà, ẹ kú àbọ̀,” ni ìyá wí. “Ẹ bá mi dá sí i. Ọkùnrin yìí fẹ́ san owó idẹ fún mi. Mo fẹ́ fi kún owó bélì tí mo máa rà kí Kérésìmesì tó dé. Ṣùgbọ́n ọmọ yín yìí kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní ohun tí bàbá mi fi ń dá àwọn ènìyàn lára yá, a kò gbọdọ̀ máa wọ̀n ọ́n ní kílò.”

Ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó dì mọ́ àpótí òfìfo tí a ti yọ fèrè kúrò nínú rẹ̀. Ó ti ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣùgbọ́n fèrè ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ idẹ lásán ni, idẹ kò ní sá lọ. Oníkọ́ńdẹ̀mù yóò tún gba ibí kọjá.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, owó idẹ lè já o!” Ṣùgbọ́n ó ká ìwọ̀n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, n kò kọ́ iṣẹ́ fèrè. Mo kàn mọ̀ pé ohun tí a kò bá mọ ìwúlò rẹ̀, a kì í kánjú tà á. Ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyẹn.

Bí mo ti jókòó ni ìyá sọ ìtàn náà fún mi. Wọ́ọ̀fù Àpápá, tí wọ́n ṣí ní 1926, ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Akọ̀wé ni lọ́sàn-án. Lálẹ́, afọnfèrè ni nínú ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan. Ọwọ́ atukọ̀ òkun kan ni ó ti ra fèrè náà ní nǹkan bí 1958, owó oṣù mẹ́ta gbáko sì ni ó kó lé e. Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin àgbà mọ bí ìgbà náà ti rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, ti ń wá láti Accra wá ṣeré ní ilẹ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ a máa fọn fèrè tọ̀ǹpẹ́ẹ̀tì, a sì máa fọn sásófóònù. Bobby Benson tí ó kọ orin “Taxi Driver” ń fọn sásófóònù, ó sì ń ta gìtá pẹ̀lú. Chris Ajilo, tí ó wà láyé títí di 2021, afọnsásófóònù ni. Nígbà tí wàhálà 1966 dé, tí ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù July 1967, ọ̀pọ̀ olórin tí ó jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn fi Èkó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ háíláìfù túká, orin jùjú sì gba ojú agbo. Ẹgbẹ́ tí bàbá wà náà túká. Láti ìgbà náà lọ, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ òkú àgbà nìkan ni ó ń yọ fèrè rẹ̀ jáde.

Ìyá sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní nígbà tí omi bá ya wọlé ní àkókò òjò, bí ó ti máa ń ṣe ní àdúgbò wa, fèrè ni bàbá máa ń kọ́kọ́ gbé sókè, kí ó tó kan rédíò, kí ó tó kan ìrẹsì. Mo ní, “Ìyá, ẹni tí ó ń gbé e sókè fún omi, ṣé ó ka fèrè náà sí irin?” Kò dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa fèrè yìí kí a tó lọ síwájú. Adolphe Sax, tí a bí ní Dinant ní ilẹ̀ Belgium ní 1814, ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1846 ni ìjọba Faransé fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Idẹ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ètè afọnfèrè ni ń gbọ̀n kí ó tó dún, bí ó ti rí fún tọ̀ǹpẹ́ẹ̀tì. Ìféfé pẹlẹbẹ kan tí a fá, tí a dè mọ́ ẹnu fèrè náà, ni ń gbọ̀n. Nítorí èyí, àárín àwọn fèrè onígi ni àwọn olórin ń kà á sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ idẹ. Ihò tí ó wà lára rẹ̀ lé ní ogún. Ìdérí kọ̀ọ̀kan wà fún ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdérí náà ni páàdì wà, èyíinì ni awọ tí a fi bo òwú tí a tẹ̀ pọ̀. Bí ìdérí kan ṣoṣo kò bá dé dáadáa, afẹ́fẹ́ á jò, ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ní jáde mọ́. Ẹni tí ó bá fọn ún á rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n fọn.

Ní Sátidé kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ lọ sí Múṣin, sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ó ń tún fèrè ṣe. Nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè ológun ni ó ti ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìntì. Ó na tábìlì kan síta, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó gbé fèrè lé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Èmi tíṣà ni mo kọ́kọ́ fi ọgbọ́n mi hàn. Orúkọ “C. G. Conn, Elkhart, Indiana” ni wọ́n fín sí ara ẹnu gbàgàdà rẹ̀, nítorí náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Mo yí i padà, mo rí 1914 ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi ohùn rara sọ pé, “Ẹ wò ó! Ọdún 1914 ni wọ́n ṣe é. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ!”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Tíṣà,” ni ó wí, “ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé Aláwìíyé, ṣé òun ni ọdún tí wọ́n tẹ èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé yín bí?”

Ó wá ṣàlàyé pé ọjọ́ kẹjọ oṣù December 1914 ni ọjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnni ní ìwé àṣẹ nọ́ńbà 1119954, lórí ọgbọ́n fífa ògiri ihò jáde láti ara idẹ fèrè gan-an, dípò kí a máa jó o mọ́ ọn lára. Conn a sì máa tẹ déètì yìí sí ara àwọn fèrè tí ó ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Etí àwọn ihò náà ni ó fi dá ọjọ́ orí rẹ̀ mọ̀: wọ́n ká etí wọn síta róbótó, bí a ti ń ká etí abọ́ tánganran. Nǹkan bí 1947 ni Conn dẹ́kun irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fèrè yìí ti gbó díẹ̀ kí bàbá Ìyá Aláṣọ tó rà á. Òkìríkà ni òun náà! Ìyá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà.

Ìbéèrè tí bàbá náà kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe nípa owó, kì í sì ṣe nípa dídán. Ó wo lẹ́tà tí ó wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà fèrè náà. “T” wà níbẹ̀, ó fi hàn pé tẹ́nọ̀ ni. “L” sì wà níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó ku ire. Bí ó bá jẹ́ H ni, ǹ bá sọ fún yín pé kí ẹ máa gbé e lọ.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kékeré kọ́ ni owó tí yóò yọ fún yín. Ní àtijọ́, ohùn orin kò dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń lo ohùn gíga, àwọn mìíràn ń lo ohùn ìsàlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ fèrè sì ń ṣe oríṣi méjèèjì. Ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní London ní 1939 ni ó fẹnu kò pé kí ohùn tí a fi ń ṣètò orin máa gbọ̀n ní ìgbà 440 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ni “L” dúró fún. Fèrè onílẹ́tà “H” máa ń gbọ̀n tó ìgbà 457. Ìyàtọ̀ náà dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọn ọ́n pẹ̀lú dùùrù, gbogbo ìjọ ni yóò dijú. Kò sí oníṣẹ́ tí ó lè tún un ṣe, nítorí gígùn ara rẹ̀ àti ibi tí ihò rẹ̀ wà ni ó fa á.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní irú rẹ̀. Ó rí sásófóònù kékeré kan rà, ara rẹ̀ ń dán bí wúrà, ó sì fẹ́ kí àwọn òbí dá owó jọ láti fi pààrọ̀ páàdì rẹ̀ fún ẹgbẹ́ orin iléèwé. Lẹ́yìn tí mo ti Múṣin dé, mo ní kí ó jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà méjì ni mo bá níbẹ̀: “HP”. Ó dùn ún, ó sì dun èmi náà. Fèrè náà wà lára ògiri kíláàsì báyìí, a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ti ń pe àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó wúlò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó àwọn òbí kò ṣòfò.

Mo padà sí Múṣin. Bàbá gbé fèrè náà sókè, ó fi ojú kan wo ara rẹ̀ bí káfíńtà ti ń wo pákó bóyá ó wọ́. Ó ní ara rẹ̀ tọ́. Ọrùn rẹ̀, ibi tí a ń ki ẹnu fèrè sí, ti tẹ̀ díẹ̀ nítorí pé wọ́n ti ń fi agbára fà á. Ó ní òun lè nà án. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú sínú níbì kan. Ìyẹn náà ṣeé ṣe. Ó tún wò ó bóyá ọrùn náà jẹ́ tirẹ̀, nítorí fèrè tí ọrùn rẹ̀ bá ti sọnù ṣòro láti tún ṣe; ọrùn fèrè mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a mu.

Bí ó ti fẹ́ ṣe àyẹ̀wò tí ó ṣe pàtàkì jù ni iná ọba lọ. Mo káàánú, ṣùgbọ́n inú bàbá dùn. Ó pa fèrèsé dé kí yàrá lè ṣókùnkùn dáadáa. Ó so gílóòbù kékeré kan tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú ikùn fèrè, ó sì ń tẹ àwọn ìdérí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìmọ́lẹ̀ ń yọ káàkiri! Etí ìdérí kọ̀ọ̀kan ń tàn bí ìràwọ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Ìyá Aláṣọ pariwo pé, “Áà! Bí a ti ń gbé aṣọ sí oòrùn nìyẹn!”

“Bí ó ti rí gan-an nìyẹn, ìyá,” ni bàbá dáhùn.

Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa. Ó ní ẹni tí kò bá mọ òkìríkà ni í máa ra aṣọ nítorí pé wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. Òun kì í wo lílọ̀. Ojú rírán ni òun máa ń wò, àti abẹ́ apá, àti bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Bọ́tìnì tí ó já kì í ba òun lẹ́rù, nítorí bọ́tìnì kò wọ́n. Aṣọ tí òwú rẹ̀ ti gbó ni òun kì í fọwọ́ kàn.

Bàbá ní, “Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ náà. Páàdì, kọ́ọ̀kì, òwú àti sípíríǹgì fèrè yìí, bọ́tìnì ni gbogbo wọn. Kò sí sásófóònù tí a kì í pààrọ̀ wọn fún bí ó bá pẹ́. Ara rẹ̀ ni aṣọ. Ara rẹ̀ kò tíì gbó.”

Ọmọ náà wá béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀: “Bàbá, ṣé ẹ máa fi Brasso fọ̀ ọ́ kí ó lè máa dán?”

Ojú bàbá le. Ó ní kí ó má ṣe dán an wò láé. Ìyẹ̀fun kíkúnná tí ó wà nínú irú òògùn bẹ́ẹ̀ á wọ inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ìdérí ń yí lé lórí, á sì máa jẹ wọ́n. Ẹni tí ó bá sì fi ẹ̀rọ dán gbogbo ara fèrè, ṣe ni ó ń fá idẹ rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Àwọn òdòdó tí wọ́n fín sí i á parẹ́, àwọn tí ń ra fèrè àtijọ́ á sì dín owó rẹ̀ kù. Bákan náà, etí ihò tí a ká bẹ́ẹ̀, a kì í fi fáìlì rà á. Aṣọ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ti tó fún ìta rẹ̀. Ẹnu fèrè dúdú náà kò sì fẹ́ omi gbígbóná: àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á sì máa rùn.

Ọmọ náà tún jẹ́wọ́ pé òun ti fẹ́ gbé e lọ fún ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jó rédíétọ̀ ọkọ̀ ní àdúgbò wa, kí ó bá òun jó ọ̀pá kan tí ó ti yọ. Bàbá di orí mú. Ó ní iná tí ó le tó bẹ́ẹ̀ á yọ́ lẹ́ẹ̀dì tí ó di àwọn ọ̀pá yòókù mú, á sì pa agbára sípíríǹgì. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó yọ; wọn ì bá fi títún ún ṣe yọ mẹ́fà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Àbúrò ìyá tí ó wà ní London ti sọ lórí tẹlifóònù pé kí wọ́n má tà á rárá, pé owó ńlá ni àwọn òyìnbó ń fi ra sásófóònù àtijọ́. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ fún gbogbo fèrè. Ní 1994, ní ilé Christie’s ní London, wọ́n ta fèrè kan tí Charlie Parker, ọmọ Amẹ́ríkà, fọn ní Toronto ní 1953. Owó rẹ̀ jẹ́ £93,500. Fèrè náà kì í tilẹ̀ ṣe idẹ. Pílásítíìkì funfun ni, Grafton ni orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò ra pílásítíìkì ní iye yẹn? Orúkọ ẹni tí ó fọn ún ni wọ́n rà. Àwọn fèrè kan sì wà tí iṣẹ́ ara wọn gbayì, bí Mark VI tí Selmer ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1954, tí àwọn afọnfèrè ṣì ń wá kiri. Tẹ́nọ̀ Conn ti àtijọ́ dára púpọ̀ láti fọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń rò pé òun á fi kọ́lé kàn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Bàbá ṣírò iṣẹ́ rẹ̀ níwájú wa lórí ìwé: páàdì gbogbo, kọ́ọ̀kì, sípíríǹgì mẹ́ta tí ó kán, ọrùn tí ó tẹ̀, ibi tí ó wú, ọ̀pá tí ó yọ. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó sásófóònù tuntun olówó pọ́ọ́kú tí ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá. Owó tí oníkọ́ńdẹ̀mù fẹ́ san kò tó ìdá mẹ́rin bélì. Ṣùgbọ́n owó tí bàbá dá yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì bélì, ọjà Kérésìmesì sì ń bọ̀. Ìyá wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin oníṣòwò ni ẹ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Aṣọ òkìríkà ni ó fi san owó iléèwé ọmọ mẹ́rin; fèrè kò san kọ́bọ̀ kan rí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Bí mo bá tún un ṣe, ta ni yóò kọ́ ọ? Mi ò ní sanwó kí o tún gbé e padà sókè kọ́bọ́ọ̀dù.”

Ọmọ náà kò lè fèsì. Ó ní àwọn ọmọ tí ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, bóyá òun ti pẹ́ jù. Bàbá ní, “Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ní 1973, nígbà tí afọntẹ́nọ̀ Fela kúrò lẹ́yìn rẹ̀, Fela fúnra rẹ̀ gbé tẹ́nọ̀ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.” Ó ní kí ọmọ náà máa wá ní gbogbo Sátidé, òun á máa kọ́ ọ, yóò sì máa ran òun lọ́wọ́ nídìí lílẹ páàdì. Owó ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ìyá ní kí wọ́n gba owó náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bàbá gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ìyá pẹ̀lú aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ dá owó pọ̀, wọ́n ra bélì kan, wọ́n pín in. Ọjà rẹ̀ kò pọ̀ tó ti èṣí ní Kérésìmesì náà, èrè rẹ̀ náà kò sì pọ̀ tó o. N kò ní fi bò fún yín. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe, ó sì ṣe é.

Ó gba oṣù méjì kí iṣẹ́ náà tó parí. Fèrè náà ṣì dúdú títí di òní. Bí ẹ bá rí i nínú àpótí rẹ̀, ẹ lè rò pé wọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé, ìyá ń ká aṣọ ní pálọ̀. Ọmọ náà fi ìféfé tuntun sí ẹnu fèrè, ó fọn ún, ohùn tí ó jáde dà bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín. Ó tún un fọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn kan ṣoṣo jáde, ó jinlẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin, tí gíláàsì fèrèsé fi ń gbọ̀n. Ìyá dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

“Ohùn yẹn ni bàbá mi fi máa ń bẹ̀rẹ̀,” ni ó wí. Ó sì ń bá aṣọ rẹ̀ lọ.

Ní báyìí, àwọn aládùúgbò ti bẹ ọmọ náà pé kí ó máa fọn ún kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin mẹ́ta ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́. Kò tíì di ọ̀gá, ṣùgbọ́n fèrè náà kò sí lókè kọ́bọ́ọ̀dù mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, ohun tí mo kọ́ nìyí. Èkíní, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò fọn ún àti ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bí kò bá sí, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, kí ẹ má sì náwó. Èkejì, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí “H” tàbí “HP” bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e kọ́ ògiri. Ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bóyá ara rẹ̀ tọ́, bóyá ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá nǹkan pàtàkì kan ti sọnù. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí páàdì tí kòkòrò jẹ tàbí àwọ̀ tí ó ṣí dẹ́rù bà yín, nítorí ìyẹn kì í ṣe àìsàn tí ń pa fèrè. Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fèrè gan-an ṣírò owó rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ju ìdajì iye tí ẹ lè fi ra òmíràn tí ó dára lọ, ẹ tún inú rò. Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe fi Brasso, fáìlì tàbí iná alájòópọ̀ kàn án.

Èyí tí ó sì ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí fèrè dún ni kí ẹ sanwó fún, kì í ṣe kí ó dán. Idẹ tí ń dán pọ̀ lọ́jà. Èyí tí ń dún ni bàbá fi sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.